Téèpù Tó Ń Lé Ẹyẹ

Bí ọ̀rá bá há sórí wáyà iná, tí atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ tó ń kùn, orí mi a máa wú títí dòní.

Oko ọkà bàbà Ìyá Àgbà, nítòsí Ṣakí, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀. Àbúrò bàbá mi ń gbálẹ̀ níléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó da àwọn téèpù àtijọ́ nù, ló bá kó wọn wálé. Téèpù náà fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, ó ń dán bí ara ejò. Àbúrò bàbá mi ta á káàkiri oko láti fi lé ẹyẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti Ìyá Àgbà nìkan la wà ní ahéré. Atẹ́gùn dédé dé, àwọn ẹyẹ fò lọ, ohùn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láàárín ọkà, bí ìgbà tí obìnrin kan ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri. Ìyá Àgbà dìde.

"Sàfú nìyẹn."

Àǹtí Sàfú ni àbíkẹ́yìn wọn. Ó ṣe ìyàwó nínú eré kan tí wọ́n yọ látinú ìwé ìtàn, tí a wò lórí tẹlifíṣọ̀n, kí àìsàn tó pa á.

"Atẹ́gùn ni, Ìyá Àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Mo di ìró wọn mú. Wọ́n já a gbà, wọ́n wọ àárín ọkà lọ, wọ́n gbé etí ti téèpù, wọ́n ń mi orí bí ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo dàgbà tí mo lọ béèrè eré náà níléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n yẹn, akọ̀wé wọn ní téèpù kan ṣoṣo ló wà, ó sì ti bá ìdọ̀tí lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, láàárín ọkà, Ìyá Àgbà yíjú sí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ó ní kí n bá òun kí ọ."