Ẹsẹ̀ Wa Lórí Odi Adágún

Kí òmìnira tó dé, àwọn òyìnbó fi tipátipá kó àwọn ìyá wa lọ mọ odi erùpẹ̀ dí odò kékeré kan lẹ́yìn Atakpamé ní Tógò, kí wọ́n lè rí adágún lúwẹ̀ẹ́. Ìyá mi wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi tẹ amọ̀ náà títí tó fi le.

Òyìnbó lọ, àwọn ọ̀gá tiwa gba ibẹ̀ fún fàájì. Orí odi yẹn ni mo ti ń dín dùǹdú tà. Nígbà tó yá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í sun lẹ́sẹ̀ odi. Ọ̀gá kan bá wa mọ́tò gun orí odi náà wá bá wa.

"Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ kúrò níbí! Ẹsẹ̀ yín ló ń ba odi yìí jẹ́."

Mo wo ẹsẹ̀ mi, mo wo táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Ọ̀gá, ẹ kú làákàyè. Ẹsẹ̀ ìyá mi ni wọ́n fi tẹ odi yìí le. Mọ́tò yín ńkọ́, ṣé ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ṣe é?"

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí, òun ò rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ kejì, ó rán ọlọ́pàá wá lé wa. Ẹ gbọ́ ibi tó ní ká ti máa tà o: ìsàlẹ̀ odi, níbi tí omi ti ń sun gan-an! Inú bí mi gan-an.

Mo ní, "Ọlọ́pàá, bí odi yìí bá ya, ta ni omi máa kọ́kọ́ gbé?"

Ó ra dùǹdú, ó sì sáré gun orí odi lọ jẹ ẹ́.