Ìkúnlẹ̀ Ẹnu Géètì

Ọ̀mù-Àrán ni wọ́n ti bí mi, ilé olùkọ́ ni wọ́n sì bí mi sí. Kí n tó mọ̀wé kà ni mo ti mọ̀ pé obìnrin a máa kúnlẹ̀ kí àgbà. Ìkúnlẹ̀ kò sú mi rí. Títí di òní, bí mo bá pàdé ìyá àgbà kan lójú títì, orúnkún mi á ti kanlẹ̀ kí n tó rántí pé aṣọ funfun ni mo wọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ ló dá gbọ́nmi-si-omi-ò-to sílẹ̀ láàárín èmi àti ọ̀gá mi nílùú Ìlọrin lè rò pé ìgbéraga ló ń yọ mí lẹ́nu. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ilé ìwé aládàáni kan ní Adéwọlé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Obìnrin kan ló dá ilé ìwé náà sílẹ̀, Mọ́mì sì ni gbogbo wa ń pè é, àtolùkọ́ àtọmọ. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń dúró sẹ́nu géètì láràárọ̀ pẹ̀lú awò dúdú lójú. Bí aago méje ààbọ̀ bá ti lù, wọ́n á ti géètì, ẹni tó bá sì dé lẹ́yìn ìyẹn, ó di kó kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n dà sí ẹnu ọ̀nà. Ọmọ kúnlẹ̀, olùkọ́ náà kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ. Àwọn òbí tó wá já ọmọ sílẹ̀ á máa wò wá láti inú mọ́tò àti kẹ̀kẹ́ Màrúwá.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó kàn mí, òjò ló mú mi pẹ́. Mo kúnlẹ̀ láìjanpata. Ó ṣe tán, àgbà ni. Ìgbà tí mo dé kíláàsì ni mo tó mọ ohun tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ mi. Ọmọkùnrin kan ń pariwo lẹ́yìn, mo ní kó wá kúnlẹ̀ níwájú. Ó wò mí, kò tilẹ̀ bínú, ó ní, “Àǹtí, ṣé orúnkún tiyín ò dùn yín mọ́?” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo kọjú sí bọ́ọ̀dù, mo ń kọ ìṣirò lọ, mi ò mọ ohun tí mò ń kọ.

Afáà kan wà láàárín wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ọmọ bíbí Ìlọrin, tó jẹ́ pé iṣẹ́ kéwú ni wọ́n ń ṣe nílé wọn láti ayé àwọn baba ńlá rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun ló bá mi níbi tí mo ti ń nu omijé nù lábẹ́ igi máńgòrò lọ́jọ́ náà. Mo rò ó fún un.

“Àǹtí,” ó ní, “sùúrù dára, ṣùgbọ́n sùúrù yàtọ̀ sí ojo. Ẹ lọ bá a ní kọ̀rọ̀ ná. Bó bá gbọ́, alihamdulilahi. Bí kò bá gbọ́, ẹ ti ṣe tiyín. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ wá ibì kan tí ẹ lè fẹ̀yìn tì. Ẹni tí kò níbi tí yóò yà sí, ohùn rẹ̀ á máa gbọ̀n níwájú ọ̀gá.”

Mo gba ìmọ̀ràn yẹn. Mo wá ilé méjì tí mo ti ń gbowó kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ìṣirò nílé lọ́jọ́ Sátidé. Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ara mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Ìyá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, náà pè mí láti Ọ̀mù-Àrán. Ó ní, “Rí i pé iṣẹ́ rẹ kò lálèébù. Ọ̀gá tó ń wá ẹ̀sùn, má fi ọwọ́ ara rẹ gbé e fún un.” Mo wá ń tètè jí, mo ń tètè dé, mo sì ń parí iṣẹ́ mi kí wọ́n tó béèrè rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá Mọ́mì ní ọ́fíìsì. Mo kúnlẹ̀ kí i dáadáa, mo ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, bí olùkọ́ bá pẹ́, ẹ máa pè é síbí kẹ́ ẹ bá a wí. Bí a ṣe ń kúnlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ yẹn, wọn kì í fẹ́ gbọ́ tiwa mọ́.”

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ṣé ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń darí ilé ìwé? Ibi tó o gbà wọlé ṣì wà níbẹ̀.”

Mo dúpẹ́, mo jáde. Láti ọjọ́ yẹn ló ti dájú sọ mí. Ó ní kí n máa bójú tó ṣáláńgá àwọn ọmọ. Ó pè mí lọ́jọ́ Sátidé kan pé kí n wá to àga gbọ̀ngàn. Mo ní, “Ẹ má bínú mà, mi ò ráyè lónìí. N ó tètè dé láàárọ̀ Mọ́ńdè kí n tò wọ́n.” Mo tètè dé lóòótọ́, mo tò wọ́n. Bó bá ń pariwo mọ́ mi, n kì í fi ariwo dá a lóhùn. N ó dúró kó sọ tẹnu rẹ̀ tán, n ó wá bi í ní pẹ̀lẹ́ pé, “Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe báyìí?” Ìbéèrè yẹn a máa pa á lẹ́nu mọ́, torí lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun kan pàtó tó fẹ́ kí n ṣe.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà títí di àárọ̀ ọjọ́ tí tírélà kan dábùú ọ̀nà ní Ọ̀fà Garage. Inú Màrúwá kan náà ni èmi àti ìyá tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní oúnjẹ sísè wà. Ó jù mí lọ dáadáa, àrùn oríkèé sì ń bá a jà. A sọ̀ kalẹ̀, a fẹsẹ̀ rìn títí a fi rí kẹ̀kẹ́ mìíràn, síbẹ̀ géètì ti tì ká tó dé.

“Ẹ kúnlẹ̀,” ni Mọ́mì wí.

Ìyá náà di irin géètì mú, ó ń wá bí yóò ṣe tẹ orúnkún. Mo di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú kó má lè lọ sílẹ̀. Èmi wá kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má bínú pé a pẹ́, tírélà ló dí ọ̀nà.” Mo sì dìde.

“Kúnlẹ̀ padà.”

“Mo ti kí yín tán mà. Bí mo bá jẹ̀bi, ẹ pè mí sí ọ́fíìsì, n ó wá. Ṣùgbọ́n mi ò ní kúnlẹ̀ ìyà níwájú àwọn ọmọ tí mo fẹ́ lọ kọ́.”

“Máa lọ sílé nígbà náà.”

Ó yà mí lẹ́nu pé ohùn mi kò gbọ̀n. Mo ní, “Bí ẹ bá fẹ́ dá mi dúró, ibi tí ẹ ti gbà mí síṣẹ́ náà ni kẹ́ ẹ ti dá mi dúró, Mọ́mì. Mo ní kíláàsì báyìí.”

Mo gbé báàgì mi kọ́ èjìká. Afáà, tó ti dé tipẹ́ ní tirẹ̀, kúrò láàárín àwọn olùkọ́ tó tò síwájú àwọn ọmọ nínú ọgbà, ó gba géètì kékeré jáde, ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ìyá àgbà na ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, “Orúnkún tèmi kò lè ṣe é mọ́ mà.” Bàbá kan tó wá já ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ yọrí lójú fèrèsé mọ́tò. “Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé. Àwọn ọmọ wa ń dúró dè wọ́n.”

Mọ́mì wo gbogbo wa yíká, ó yí padà, ó gba ọ́fíìsì rẹ̀ lọ. Géètìmáànù yà fún wa. Àwọn ọmọ tó ń kúnlẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dìde tẹ̀lé wa. Afáà bojú wẹ̀yìn, ó ní, “Ẹ̀yin, ta ló ní kẹ́ ẹ dìde?”

Nígbà tí àwọn ọmọ jáde ṣeré, Mọ́mì ránṣẹ́ pè mí. Afáà àti ìyá àgbà ní àwọn ò ní jẹ́ kí n dá lọ.

“Ta ló ránṣẹ́ pe ẹ̀yin méjèèjì?” ni Mọ́mì bi wọ́n.

“Ẹsẹ̀ wa ló gbé wa wá mà,” Afáà dáhùn.

Mọ́mì ní ká jókòó. Ó wá sọ bó ṣe fi yàrá méjì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé náà, bí àwọn olùkọ́ kan ṣe ń wọlé nígbà tó bá wù wọ́n, tí òun nìkan sì ń bójú tó ọmọ gbogbo kíláàsì. Mo gbọ́ ọ, mo sì gbà á gbọ́. Mo ní, “Mọ́mì, kì í ṣe pé à ń bá yín jà. Ọ̀wọ̀ tí ọmọ ní fún wa ni irinṣẹ́ tí a fi ń bá yín ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, kí la fẹ́ fi kọ́ wọn?”

Mọ́mì dìde. Ó fi ọwọ́ júwe ilẹ̀kùn fún wa. A rò pé ó ti parí fún wa ni. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, olùkọ́ kan pẹ́, Mọ́mì ní kó wọlé, kó wá rí òun tó bá ṣe díẹ̀. Láti ìgbà náà, olùkọ́ kankan kò kúnlẹ̀ ìyà ní ẹnu géètì yẹn mọ́. Kò bẹ̀ wá, kò sì gbà pé òun ṣàṣìṣe. Ó ṣì ń pariwo. Àmọ́ wọ́n gba iṣẹ́ ṣáláńgá kúrò lọ́wọ́ mi, kò sì pè mí lọ́jọ́ Sátidé mọ́. Nígbà tí mo máa kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn náà, èmi ni mo yàn láti kúrò, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi buwọ́ lu ìwé ìjẹ́rìí rere tí mo gbé dé ibi iṣẹ́ tuntun.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí olùkọ́ yẹn wọlé láìkúnlẹ̀, àwa mẹ́ta jọ rìn dé ìkóríta. Ìyá àgbà dá obìnrin Fúlàní kan dúró, ó ra wàrà díndín fún wa, ó sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá òun san án. A dúró lẹ́bàá títì, a ń jẹ ẹ́ gbígbóná, ata ń ta wá lẹ́nu. Àwọn ọmọ wa kan ń kọjá lọ nínú Màrúwá. Wọ́n rí wa, wọ́n sì yọrí jáde, wọ́n ń kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.