Lẹ́tà Tí Mo Fún Mínísítà

Kò tíì pẹ́ tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà tí mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wá sí Àkúrẹ́. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní ìlú Oǹdó. Èmi ni mo ń bá àwọn ará ìta sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹgbẹ́, ni wọ́n bá ń pè mí ní Mínísítà. Orúkọ náà dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Torí Délé la ṣe lọ. Kíláàsì kan náà la jọ wà kó tó wáṣẹ́ lọ sókè òkun, tí wọ́n sì tì í mọ́lé níbẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló kọ sí ìyá rẹ̀. Orúkọ ọgbà ẹ̀wọ̀n náà àti nọ́ńbà tí wọ́n fún un wà nínú rẹ̀. Ìyá tú u jáde nínú ìborùn wọn, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.

Fúnmi, igbákejì mi, ní, "Jẹ́ ká ṣe ẹ̀dà rẹ̀."

Mo ní, "Ọkọ̀ ti ń dúró."

Ní Àkúrẹ́, a gbé páálí tí a kọ orúkọ Délé sí sókè lẹ́nu géètì ilé àlejò ìjọba, à ń kọrin. Wọ́n ní kí aṣojú kan wọlé. Kí n tó mọ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹni tí mo wá bá jà. Ó fà mí dìde, ó fún mi ní mọ́ọ̀tì tútù.

"Ọmọ mi, mínísítà kì í já ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n. Iṣẹ́ mi ni kí n bá ìjọba wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Tí wọ́n bá gbọ́ ariwo yín, ṣe ni wọ́n á tún le sí i."

"Ẹ ṣé, sà." Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé lẹ́tà náà fún un.

Mo jáde, mo ní kí wọ́n ká páálí.

Fúnmi bi mí pé, "Ṣó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbà á?"

"Mínísítà fúnra rẹ̀ ló gbà á!"

"Ìwọ Mínísítà tiwa ńkọ́, kí lo gbà?"

Oṣù mélòó kan kọjá, wọ́n yí mínísítà pa dà. A kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ wọn. Èsì tó dé ni pé ká fi orúkọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àti nọ́ńbà Délé ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ nínú wa.

Ó dùn mí dọ́kàn. Wọn ò lu ẹnikẹ́ni nínú wa lọ́jọ́ náà, mo dúpẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin yẹn má parọ́, ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ariwo ni iṣẹ́ tèmi, mo sì fi í sílẹ̀ torí pé àgbàlagbà kan pè mí lọ́mọ.

Délé kò tíì dé. Mo ṣì máa ń lọ kí Ìyá ní Oǹdó. Wọn kì í bi mí léèrè Délé mọ́.

"Ọma mi," ni wọ́n máa ń fi ohùn Oǹdó wí, "lẹ́tà mi ńkọ́?"