Èjìká Òsì Ìyá Mi

Bí ẹ bá fẹ́ kí ìyá mi jáde nílé, ẹ má wulẹ̀ pè é, ẹ má sì bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ gbà, kí ẹ fọwọ́ kàn án ní èjìká òsì lẹ́ẹ̀mejì. Kíá ló máa dìde, á wọ bàtà, á ní, "Ó dọwọ́ ẹ o," á sì máa lọ. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, èmi ọmọ kan ṣoṣo tó bí, kó tó lè lọ ra ọṣẹ àti búrẹ́dì. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ tuntun rò pé orí rẹ̀ ti ń dàrú. Orí rẹ̀ pé ju tiwọn lọ. Ilé iṣẹ́ aṣọ ló kọ́ ọ ní ohun tó ń ṣe.

Ibi tí pápá ìṣeré ńlá náà wà lónìí, ilé iṣẹ́ aṣọ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Igba ẹ̀rọ ìhunṣọ ló ń ké lábẹ́ òrùlé páànù kan ṣoṣo, ariwo wọn sì pọ̀ débi pé bí ènìyàn bá pariwo sí ọ létí, ẹnu rẹ̀ nìkan lo máa rí tó ń mì. Òwú a máa já nígbàkúgbà, ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ tètè so ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ aṣọ bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, òfin kan wà tí ọ̀gá kankan ò kọ sára ògiri, àmọ́ tí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀: o ò gbọdọ̀ kúrò nídìí ẹ̀rọ rẹ àfi bí ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ bá fọwọ́ kàn ọ́ léjìká lẹ́ẹ̀mejì. Èjìká òsì ni, torí ọwọ́ ọ̀tún ló ń so òwú. Wọn kì í fi ìyẹn ṣeré rárá.

Ìyá mi ló ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán. Ẹ̀rọ rẹ̀ kì í dúró, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Májẹ̀ẹ́ódúró. Ọkùnrin tó ń gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tó sì ń dá a padà fún un ní aago mẹ́fà àárọ̀, òun ni bàbá mi. Olóru ni wọ́n ń pe òun. Odindi ọdún méjì ni wọ́n fi ń kan ara wọn léjìká kí wọ́n tó mọ bí ohùn ara wọn ṣe rí. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní tàwọn méjèèjì, kò síbòmíràn tó lè wà. Wọ́n fẹ́ ara wọn tán, ọ̀gá ò sì yí iṣẹ́ wọn padà, wọ́n wá di tọkọtaya tí ń rí ara wọn fún ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀ àti ìṣẹ́jú márùn-ún nírọ̀lẹ́, fún ọdún mọ́kànlélógún. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ọlọ́run ló mọ ìgbà tí wọ́n ráyè bí mi. Bàbá mi á ní, "Ọjọ́ Àìkú ni. Ẹ̀rọ ń sinmi."

Ọjọ́ tí wọ́n bí mi gan-an, ìyá mi wà nídìí ẹ̀rọ. Aago mẹ́rin ni ìrọbí mú un. Àgbàrá òjò ti gba ojú ọ̀nà, bàbá mi tó lọ sí ìgboro ò sì lè tètè padà dé. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó máa lọ, ó kọ̀, ó dúró, ó ń mí gúlegúle, ó sì ń so òwú. Aago méje ti lù kí bàbá mi tó wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún, kó tó fọwọ́ kàn án léjìká lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò rí i gbé dé ilé ìwòsàn mọ́. Orí àpò òwú lẹ́nu ọ̀nà ni mo balẹ̀ sí. Wọ́n máa ń fi ìtàn yẹn rẹ́rìn-ín o, èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Inú máa ń bí mi pé ẹ̀rọ lásán-làsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí mi.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n paná ẹ̀rọ, tí wọ́n ní kí gbogbo wọn máa lọ. Ìyá mi ò lọ. Bàbá mi tó sùn nílé ni wọ́n lọ jí, òun ló wá fọwọ́ kàn án léjìká nídìí ẹ̀rọ tó ti kú. Ó ní bí òun bá kàn fẹnu sọ ọ́, ibẹ̀ náà ni ilẹ̀ á ṣú bá a.

Wọ́n fi wá sílẹ̀ nínú àwọn ilé òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́. Yàrá méjì ni tiwa, nọ́ńbà mẹ́rìnlá. Mo dàgbà níbẹ̀, mo kọ́ṣẹ́ aránṣọ, mo sì gba yàrá kan tèmi lódìkejì títì. Ọdún kẹtàlá lẹ́yìn tí ẹ̀rọ dákẹ́ la gbọ́ pé ìdíje eré ìdárayá tí gbogbo ayé ń wò ń bọ̀ ní ìlú wa, àti pé àdúgbò wa gan-an ni wọ́n máa kọ́ pápá sí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbé àwòrán ńlá wá. Igi wà nínú àwòrán náà, odò kékeré wà níbẹ̀, àwọn ọmọge ń gun kẹ̀kẹ́. Mo wò ó títí, mi ò rí arúgbó kan ṣoṣo níbẹ̀.

Wọ́n ní àwọn máa wó gbogbo ilé òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ìdíje bá parí, ìdílé kọ̀ọ̀kan máa gba fúláàtì kan nínú ilé gogoro tí wọ́n ń kọ́ fáwọn eléré ìdárayá. Nítorí àwọn tó lè wá láti ibòmíràn wá purọ́ pé àwọn ń gbé níbẹ̀, wọ́n máa wá kà wá lẹ́ẹ̀mẹta, láìsọ ọjọ́. Ẹni tí wọ́n bá nílé gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ilé iṣẹ́ àtijọ́. Ilé tí wọ́n bá bá ní títì, kódà lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti kúrò nínú ìwé nìyẹn.

Bí àwọn òbí mi ṣe tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Bí ọ̀kan bá jáde, ìkejì wà nílé. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n wá, ìyá mi ni wọ́n bá, ó ń fọ abọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bàbá mi ni wọ́n bá lójú oorun. Ó wá ku ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ló wá di ẹ̀wọ̀n.

Ọdún kẹta wọlé, wọn ò wá. Wọ́n fi páànù gíga yí àdúgbò ká, wọ́n ṣe géètì kan ṣoṣo sí i. Ilé nọ́ńbà méjìlá lọ, nọ́ńbà mẹ́tàlá náà kó ẹrù, katapílà sì wó wọn lọ́jọ́ kan náà. Ògiri pápá gòkè títí ó fi dí fèrèsé àwọn òbí mi. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń tanná. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ò ṣeé ṣí mọ́, òkìtì iyanrìn ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Eruku náà bá bàbá mi jà, torí òwú ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ariwo ni ò dà wọ́n láàmú. Ṣe ni wọ́n padà sí fífi ẹnu sọ̀rọ̀ láìsí ohùn, bíi ti àtijọ́.

Mo lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá máa bá mi gbé.

"Kí lẹ fẹ́ fi fúláàtì ṣe gan-an?"

"Ibẹ̀ nìkan ni wọn ò ti ní lè lé wa mọ́," ìyá mi ní. "Yàrá tìẹ, tí mo bá na ẹsẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo máa ta nípàá."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́. "Ọmọ mi, adìẹ bà lókùn ni. Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ṣùgbọ́n tí adìẹ bá wá fò sílẹ̀ báyìí, gbogbo ọjọ́ tó ti fi dúró yẹn ńkọ́?"

Nígbà tó ku oṣù méjì kí ìdíje bẹ̀rẹ̀, àṣẹ tuntun jáde: ilé kan, káàdì kan, ènìyàn kan. Wọn ò gbọdọ̀ bá ẹni méjì nínú ilé kan mọ́ torí ààbò, àlejò ò sì gbọdọ̀ wọlé rárá. Ẹni tó wà lẹ́nu géètì ni Aláró, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ wa náà ni, òun ló ń pa aṣọ láró kó tó di ẹni tó ń wọ aṣọ ẹ̀ṣọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀kan nínú àwọn òbí mi á wà nínú ilé, ìkejì á wà lọ́dọ̀ mi. Aago mẹ́fà àárọ̀ àti mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń pàdé lẹ́nu géètì. Wọ́n á kan ara wọn léjìká, wọ́n á gba káàdì, wọ́n á fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ̀rọ̀. Bàbá mi ní, "Wọ́n ti tún gbà wá síṣẹ́."

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni àìsàn dá a wó nínú yàrá mi. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá mi wà nínú ilé, kò sì sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ bá a lẹ́nu géètì, tí à ń fi ihò irin sọ̀rọ̀.

"Báwo ni?"

"Ó sọ̀rọ̀ lónìí."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní ṣé ẹnìkan ti gbà á lọ́wọ́ yín."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó wá yí ojú kúrò lọ́dọ̀ mi.

Lọ́jọ́ kẹjọ, dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ rí bàbá mi tètè wá. Mo sáré dé géètì, mo sọ fún un. Ìyá mi ki ìka bọ inú ihò irin.

"Tí mo bá jáde, tí wọ́n bá wá dé lónìí? Òun náà ló fi ọdún mẹ́ta jókòó sínú ilé yìí. Kí ni màá sọ fún un pé mo fi ṣe?"

Inú bí mi, mo sọ ohun tí kò yẹ kí ọmọ sọ síyàá rẹ̀. Mo ní, "Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rọ pa mí nígbà kan. Ẹ wá fẹ́ fi yàrá méjì pa òun náà." Ó fa ìka rẹ̀ yọ, ó sì padà sínú ilé. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi béèrè ìyá mi lọ́wọ́ mi. Mo ní kò lè wá, kò sẹ́ni tó gbà á. Ó ní, "Gbé bàtà mi." Mo bẹ̀ ẹ́, nọ́ọ̀sì bá a jà, ó ti sọ̀ kalẹ̀. Èmi náà ni mo pe ọkọ̀, tí mo fi èjìká mi gbé e dé géètì. Èmi ni, kì í ṣe ẹlòmíràn.

Aláró wò ó tìyanu-tìyanu. "Olóru, aago mẹ́wàá la wà yìí. Mẹ́fà kọ́ o."

"Mo mọ̀. Mo pẹ́ ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi pẹ́."

Aláró lọ pe ìyá mi. Nígbà tó dé, tó rí ẹni tó dúró tì mí, ṣe ló yí ẹ̀yìn sí i. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń bínú ni. Bàbá mi na ọwọ́, ó fọwọ́ kàn án ní èjìká òsì, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà náà ni ìyá mi tó kọjú sí i, tó kó káàdì lé e lọ́wọ́.

"Ó dọwọ́ yín o."

"Ó dọwọ́ mi," ni bàbá mi wí. "Lọ wẹ̀."

Láti géètì sí nọ́ńbà mẹ́rìnlá ò ju ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó kí bàbá mi tó rìn ín tán, ó ń di ògiri mú. Mo ní kí ìyá mi bá a wọlé. Aláró wolẹ̀, ó ní káàdì kan, ènìyàn kan. Ìyá mi ní, "Ẹni tí wọ́n bá ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ kì í dúró sídìí ẹ̀rọ. Á máa dí ẹni tó gbà á lọ́wọ́."

Ó wẹ̀ nílé mi, ó dùbúlẹ̀, kò sùn. Nígbà tó di aago méjì, ó ní kí n mú òun lọ wo ibi tí bàbá mi sùn sí. Mo mú un lọ. Wọ́n ti gbé ẹlòmíràn sórí bẹ́ẹ̀dì náà. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wo fèrèsé, ó kí aláìsàn tó wà níbẹ̀, a sì jáde. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó rí jáde láti lọ wo ọkọ rẹ̀, ọkọ náà ti lọ gba ipò rẹ̀. Èmi ń sunkún nínú ọkọ̀. Òun ń béèrè aago.

Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ géérégé, a dé géètì. Bàbá mi ò sí níbẹ̀.

"Wọ́n wá o," Aláró ní, "àwọn tó ń kà yín. Aago mẹ́rin. Obìnrin tó mú ìwé dání ní Olóru dìde dúró fún àwọn, ó sì pe orúkọ ara rẹ̀ ketekete. Ó ti parí, Májẹ̀ẹ́ódúró. Ẹ ti gba ilé."

Ìyá mi ò yọ̀. "Mẹ́fà ti kọjá," ló sọ. "Kò tíì jáde wá."

Káàdì wà lọ́wọ́ bàbá mi. Àṣẹ ò fàyè gbà á kí Aláró ṣílẹ̀kùn láìsí káàdì, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ó wo ìyá mi, ó wo ọ̀nà tó lọ sí nọ́ńbà mẹ́rìnlá. Òun náà ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé páànù yẹn. Ó fa géètì náà, àwa méjèèjì sì wọlé.

Bàbá mi jókòó sórí àga tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ṣì wọ bàtà rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fún un wà lórí itan rẹ̀, káàdì wà lórí ìwé. Mo mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Mo fẹ́ kígbe, ìyá mi gbọ́wọ́ sókè pé kí n dákẹ́. Ó gba ẹ̀yìn àga lọ, ó fọwọ́ kàn án ní èjìká òsì lẹ́ẹ̀mejì.

"Mo ti dé, bàbá ọmọ mi," ó ní. "Ẹ máa lọ sinmi."