Fìlà Tí Mo Dé Lọ Pàdé Àlejò

Fìlà ló kó mi sí wàhálà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe akọ̀wé Baálẹ̀ ní abúlé wa, lọ́nà Ìmẹ̀kọ, nítòsí ẹnubodè. Iṣẹ́ mi ni pé kí n ka lẹ́tà fún Bàbá, kí n kọ èsì, kí n sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ bí àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá bá dé. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, mo sì gbọ́ Faransé tí mo lè fi nájà. Mo rò pé ìyẹn ti tó.

Nígbà náà, ilé ìgbẹ̀bí wa kò ní omi. Kẹ́ẹ̀gì ni àwọn ọlọ́kadà fi ń gbé omi wá láti odò. Ọmọ mi obìnrin sì ti lóyún oṣù mẹ́ta, nítorí náà ọ̀rọ̀ omi yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán fún mi. Nígbà tí àwọn ará Ṣáínà wá, tí wọ́n ní àwọn á gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa, díẹ̀ ló kù kí n jó. Wọ́n fún mi ní fìlà kan tí àsíá wọn wà níwájú rẹ̀.

Kò pé oṣù kan, àwọn ará Amẹ́ríkà náà dé. Wọ́n fẹ́ gbé sólà sórí òrùlé ilé ìgbẹ̀bí, kí ó máa fún wa ní iná, kí ó sì lè máa fa omi. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Mo dé fìlà mi, mo lọ pàdé wọn. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wọn wo orí mi, ó tún wo ojú mi.

Ó bi mí pé, "Ṣé àwọn yẹn ti débí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Àwọn ló máa gbẹ́ kànga."

Ó pa fáìlì rẹ̀ dé. Ó ní àwọn á lọ bi àwọn ọ̀gá àwọn níbi iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ará Ṣáínà tó fún mi ní fìlà pè mí lórí fóònù. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn kan wá, ẹ̀yìn ta la wà gan-an? Omi là ń wá, ìfẹ́ ni wọ́n ń bi mí. Mo dà bí ọmọ tí wọ́n ní kó mú ọ̀kan nínú bàbá àti ìyá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì padà wá.

Nọ́ọ̀sì wa, Màmá Súré, bá mi lójú ọ̀nà. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ bá mi bi fìlà yín bóyá ó lè pọnmi."

Ojú tì mí. Mo lọ jẹ́wọ́ fún Baálẹ̀, mo sì gbà á nímọ̀ràn pé ká mú ọ̀kan, ká fi ìkejì sílẹ̀.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé, ilé méjì ni bàbá mi ní láyé òyìnbó, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lódìkejì odò, nílẹ̀ Faransé. Bí Faransé bá ń kó èèyàn lọ la ọ̀nà, ìhín là ń gbé. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ń gba owó orí, ọ̀hún là ń gbé. Kò sí èyí tó gbọ́ lẹ́nu wa pé a kórìíra òun."

"Ṣé irọ́ la wá máa pa fún àwọn wọ̀nyí ni, Bàbá?"

"Irọ́ kẹ̀? Sọ fún àwọn méjèèjì pé ẹnì kejì ń bọ̀. Ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ ló ni ilẹ̀, ẹni tó ń gbé sólà ló ni òrùlé. Kí kálukú wá lọ́jọ́ ọjà tirẹ̀."

Mo kọ lẹ́tà méjì, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú wọn. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Bóyá àánú wa ló ṣe wọ́n, bóyá kò sí ẹni tó fẹ́ kí ẹnì kejì nìkan gba ọpẹ́, mi ò mọ̀. Àwọn méjèèjì wá. Pátákó orúkọ méjì ló wà níwájú ilé ìgbẹ̀bí báyìí, wọ́n kẹ̀yìn síra: ọ̀kan kọjú sí Ìmẹ̀kọ, ọ̀kan kọjú sí ẹnubodè. Kálukú ya fọ́tò nídìí tirẹ̀. Omi ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n fi wẹ ọmọ-ọmọ mi lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.

Nígbà tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì, Sìkírátù, ọmọbìnrin tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, bi mí pé, "Bàbá, ta wá ni ọ̀rẹ́ wa nínú wọn?"

Mo ṣí àpótí mi, mo mú fìlà yẹn jáde, mo fi lé e lọ́wọ́.

Mo ní, "Tọ́jú ẹ̀, má dé e. Bí oòrùn bá mú, fi ìborùn ìyá rẹ borí."