Ilé Ìpọntí Tí Má-kánjú Kọ́kọ́ Kọ̀

Má-kánjú ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é, kì í sì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó yẹ ilé wò kí ìjọba tó fún onílé ní ìwé àṣẹ, ojú rẹ̀ sì ti rí ògiri tí wọ́n kùn lọ́dà rèǹtèrente tó wó lulẹ̀ lọ́jọ́ òjò. Ohun tí kò bá fọwọ́ kàn, kì í buwọ́ lù ú. Àwọn oníwàdùwàdù a máa bú u lẹ́yìn, àmọ́ àwọn tó ń gbé nínú ilé tó bá ti yẹ̀ wò a máa sùn han-an-run.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá rẹ̀, tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, gbé ìwé ìbéèrè tuntun kan sórí tábìlì rẹ̀. Obìnrin kan tó ti pọn ọtí fún ilé iṣẹ́ ńlá títí ó fi sú u ló gba ilé ìtẹ̀wé àtijọ́ kan láàárín ìlú. Ó fẹ́ máa pọn ọtí tirẹ̀ níbẹ̀ níwọ̀nba, kí ó máa tà á níwájú ilé.

"Bàbá, tí èyí ò bá rọ̀ yín lọ́rùn, mo lè gbé e fún ẹlòmíràn," ni ọ̀gá wí.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀. Ọtí ló pa ẹ̀gbọ́n Má-kánjú, ẹni tó rán an níléèwé. Látìgbà tí wọ́n ti sin ín, ọtí ò kan ètè àbúrò mọ́.

"Wọn ò ní kí n wá mu ún," ó dáhùn. "Wọ́n ní kí n wá wo ilé."

Nígbà tó débẹ̀, ó ń fi ìka kan ògiri jẹ́jẹ́ bí ẹni ń kanlẹ̀kùn àna. Ó dọ̀bálẹ̀ wo ihò tí omi ń gbà jáde. Apọntí náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń nu ìkòkò ńlá kan tó ti ń dán tẹ́lẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ se omi lásán nínú rẹ̀," ni Má-kánjú wí.

Bí omi ṣe ń hó, ó gun òkè lọ sí yàrá ìyá àgbà kan, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì. Kò pẹ́ tí ooru omi ìkòkò náà fi gba ojú fèrèsé wọlé, tí aṣọ tí màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ sá sì tún rin. Nígbà tí wọ́n sì da omi náà nù, ẹ̀yìnkùlé télọ̀ kan tó múlé tì í ló lọ dá ọ̀gọ̀dọ̀ sí.

"Mi ò lè buwọ́ lù ú," ó sọ fún apọntí náà.

"Torí pé ọtí ni, àbí? Wọ́n ti sọ fún mi pé ẹ kórìíra rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà gún un lára. Nígbà tó délé, ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó wí, "ká ní ilé búrẹ́dì ni, ṣé ẹ máa buwọ́ lù ú?"

"Rárá. Omi tó bá ń ya wọ ilé onílé, omi náà ni."

"Ṣé ẹ sọ fún un bó ṣe máa tún un ṣe?"

Kò sí onílé kan tí Má-kánjú kọ̀ fún rí tí kò fi ọ̀nà àbáyọ hàn. Ti obìnrin yìí nìkan ló fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, ó padà lọ. "Ẹ má bínú," ó wí. "Ibi tí kò dáa ni mo fi hàn yín lánàá, mi ò fi ibi tó máa dáa hàn yín." Ó mú ẹfun, ó fi sàmì sára ògiri ẹ̀yìn níbi tí páìpù ooru yóò gbà ré kọjá òrùlé, ó sì fa ìlà sílẹ̀ níbi tí gọ́tà tuntun yóò gbà dé ojú títì. Apọntí náà wò ó títí, ó wá lọ gbé ṣọ́bìrì.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n pe àwọn aládùúgbò jọ. Ọkùnrin kan dìde, ó ní báwo ni ẹni tí kì í mutí ṣe máa gba ilé ọtí láyè. Agbẹ̀bí ló dá a lóhùn. "Èmi ni mò ń gbé lórí rẹ̀. Wọ́n tún omi sè, ọkùnrin yìí sì jókòó sí yàrá mi títí ó fi hó tán. Aṣọ mi gbẹ. Kí lẹ tún fẹ́?"

Má-kánjú buwọ́ lù ú lójú gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣílé, apọntí náà fún un ní omi tútù, ó dì í lọ́wọ́ mú níwájú èrò. "Bàbá yìí kọ̀ fún mi. Ká ní wọn ò kọ̀ ni, télọ̀ ì bá ti máa bá mi fa wàhálà."

Télọ̀ ní òótọ́ ni, èrò sì rẹ́rìn-ín. Orí Má-kánjú wú.

Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá pàdé bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, ìyàwó rẹ̀ a sọ fún un pé ọkọ òun ló yẹ ilé yẹn wò. Má-kánjú ní kó yéé ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sọ ọ́ le.