Òjò Tí Kọ̀ǹpútà Mi Ń Dà Nù

Mo rántí ìgbà tí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ oníkòkó wa ní Àpòmù kú fin-ín-fin-ín, tí èyí tuntun tí wọ́n rà sì kọ̀ láti lo ètò tó ń bá wa ṣírò òjò. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ètò náà nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Bí ọjọ́ ọjà bá ti pé, àwọn àgbẹ̀ á wo iye ìlà tí òjò kún dé nínú ike wọn, wọn á mú un wá, ètò á pín in sí ọjọ́, á sì sọ bóyá ó ti yẹ kí wọ́n fín oògùn kí kòkó má baà dúdú mọ́ igi. Ṣùgbọ́n èdè kọ̀ǹpútà tí mo fi kọ ọ́ ti di ti àtijọ́. Kọ̀ǹpútà ìwòyí kò gbọ́ ọ mọ́. Òjò sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹgbẹ́ mú ọmọbìnrin Aládùúrà kan wá láti Ìkirè, pé kó tún un kọ ní èdè tuntun. Mo ti kórìíra rẹ̀ kó tó jókòó. Èmi tí mo ń pe ara mi ní onímọ̀, mo ń fi kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì pamọ́ fún un bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ kẹta, ó dán an wò pẹ̀lú òjò ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nínú ìwé tí mo ń kọ èsì ètò mi sí látijọ́, ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bẹ́ẹ̀, mẹ́ta ni fún ọjọ́ kan. Tirẹ̀ ní mẹ́ta àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bó bá sì ti kọjá mẹ́ta àtààbọ̀, fífín ni. Tèmi ní kí wọ́n dúró. Tirẹ̀ ní kí wọ́n fín lónìí.

Mo ní, “O ti bà á jẹ́. O gbọ́ pé ọjà ọrún ni tiwa, o rò pé ọjọ́ márùn-ún ló wà láàárín. Ṣé wọn kì í ná ọjà ní Ìkirè ni? Ọjọ́ mẹ́rin là ń lò kí ọjọ́ ọjà tó tún pé.”

Kò tilẹ̀ wojú mi. “Bàbá, mẹ́rin ni mo fi pín in. Ká ní márùn-ún ni, mẹ́ta yín yẹn gan-an ni ì bá jáde.”

Akọ̀wé ẹgbẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó máa rín in lọ, kòkó bàbá tiẹ̀ náà wà níbẹ̀.

“Èdè àtijọ́ yẹn,” ọmọbìnrin náà ní, “tẹ́ ẹ bá ní kó fi odindi pín odindi, odindi nìkan ló ń mú wá. Á da ìyókù nù, kò ní sọ fún yín. Ó wà nínú ìwé tó ń kọ́ni ní èdè náà. Àbí ẹ ò kà á ni?”

Mo kà á. Mo gbàgbé ni.

Mo wá rántí àgbẹ̀ Orílẹ̀-Òwu kan tó dìde nípàdé lọ́dún tó ṣáájú, tó ní òun dúró de àṣẹ wa títí kòkó òun fi dúdú tán. Níwájú gbogbo ẹgbẹ́ ni mo ti sọ pé ọ̀lẹ ni, pé kọ̀ǹpútà kì í purọ́. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó lọ gé kòkó rẹ̀, ó gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀.

Mo gun ọ̀kadà lọ bá a, láti bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gẹ́ ló ń bó, kò dìde.

“Alàájì, gbangba lẹ ti bú mi. Ẹ̀yìnkùlé lẹ wá ti ń bẹ̀ mí?”

Nípàdé tó tẹ̀ lé e, mo dìde, mo sì jẹ́wọ́, lójú ọmọbìnrin yẹn àti akọ̀wé. Àgbẹ̀ náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kí wọ́n rín in.

Ètò náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa báyìí ní èdè tuntun, àwọn yòókù sì ń fín kòkó wọn lásìkò. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Bí mo bá ń kọjá lójú ọ̀nà Orílẹ̀-Òwu, mo máa ń wo oko ẹ̀gẹ́ yẹn. Kòkó kì í so lọ́dún tí a gbìn ín, èmi àti ẹni tó ni ilẹ̀ náà sì ti dàgbà kọjá ẹni tí ń gbin kòkó tuntun.